Ọmọ Tó Gbẹ̀kọ́ Kì í Fi Ọwọ́ Òsì Fún Síníọ̀ Ní Nǹkan

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan gbẹ̀kọ́ nílé, ẹ má wulẹ̀ lọ bi ìyá rẹ̀. Ìyá wo ló máa ní ọmọ òun ò gbẹ̀kọ́? Ẹ fi ọmọ náà sí ipò kejì nínú eré rílè, eré tí ẹni mẹ́rin ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, lọ́jọ́ íntà-háòsì, ẹ fi ọmọ SS3 kan sí ipò kẹta, kí ẹ wá fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀kọ́ ilé àti òfin eré ìje á kora wọn lójú níbẹ̀, ọ̀pá ni yóò sì jábọ́.

Ilé ìwé girama kan tí a ò ní dárúkọ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Tọ́ọ̀mù kejì ni, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí pápá gbẹ táútáú, tí eruku ń sọ lálá. Wọ́n ti fi ẹfun àti eérú fa ìlà yí pápá ká, wọ́n ti ta kánópì fún àwọn òbí, wọ́n ti yan bí ọmọ ogun níwájú pìrìnsípà, wọ́n ti fò nínú àpò, wọ́n ti fa okùn. Ó ku rílè, eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, mítà 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òun ni wọ́n fi kádìí ẹ̀, òun náà ni máàkì ẹ̀ pọ̀ jù. Yẹ́lò Háòsì àti Gíríìnì Háòsì ń fi máàkì díẹ̀ ju ara wọn lọ, kò sẹ́ni tó lè jókòó mọ́.

Ẹni tí kò lọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lè má mọ ohun tí háòsì jẹ́ fún ọmọ. Láti JS1 ni wọ́n ti pín in sí pupa, búlúù, gíríìnì tàbí yẹ́lò, ibẹ̀ ló sì máa wà títí á fi ṣe WAEC. Kíláàsì kì í pa JS àti SS pọ̀. Ní họ́sítẹ̀lì, garawa omi ló pa wọ́n pọ̀: júníọ̀ ń pọn ọ́n, síníọ̀ ń fi wẹ̀. Háòsì nìkan ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti ń wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n jọ ń borí, tí wọ́n jọ ń sunkún. Bí júníọ̀ bá wá mọ eré í sá, ayé ẹ̀ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìdánrawò. Síníọ̀ tó ń rán an lọ ra búrẹ́dì lánàá ni yóò máa bi í pé, "Ṣé o ti jẹun? Ẹsẹ̀ ò dùn ẹ́ ṣá?" Júníọ̀ náà á wá máa rìn bíi pé òun ló ni ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù síníọ̀ ò tíì kúrò lára ẹ̀ o. Ó kàn sápamọ́ ni.

Ká sọ̀rọ̀ ọ̀pá ná, torí kì í ṣe igi èyíkéyìí. Ní pápá àgbáyé, ọ̀pá rílè gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30, kó ṣófo nínú, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì dín ní gíráàmù 50. Nílé ìwé, ohun tí káfíńtà bá gé ni ọ̀pá. Igi ìnulẹ̀ tó ti kán tín-ín-rín jù, ó máa ń yí lọ́wọ́. Páìpù irin wúwo, bó bá sì bá egungun ìka, igbe tí ẹ máa gbọ́ kì í ṣe ti ìdùnnú. Páìpù oníke táwọn púlọ́ḿbà ń lò ló dáa jù: ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi sáńpépà ha ẹnu ẹ̀ méjèèjì kó má baà ya ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì kùn ún lọ́dà ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àwọn tó bá kùn ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, àtẹ́lẹwọ́ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni kìíní máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá, á fi sí ọwọ́ òsì ẹni kejì. Ẹni kejì kì í pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ òsì náà ló máa fi gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni kẹta. Ẹni kẹta á fi ọ̀tún gbé e sí òsì ẹni kẹrin. Ìdí ni pé ibi tí pápá ti yí ni ẹni kìíní àti ẹni kẹta ti ń sáré. Bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á lè rọ̀ mọ́ etí inú lénì wọn, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ìlà pín fún wọn, ẹni tó fẹ́ gbà á á dúró sí etí òde, wọn ò sì ní tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọ̀pá láti ọwọ́ kan sí èkejì lórí eré, ẹsẹ̀ ẹ̀ á falẹ̀, àfàìmọ̀ kí ọ̀pá má bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó ń gbà á kì í wẹ̀yìn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, láti ibi tó dúró sí padà sẹ́yìn, tó sì fi àmì síbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ 15 sí 20 sábà máa ń tó fún ọmọ ilé ìwé. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ àmì yẹn, ẹni tó ń dúró á ki eré mọ́lẹ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tó bá gbọ́ ìpè. Bí ẹni ẹ̀yìn ò bá lè bá a, àmì jìnnà jù, ẹ fà á súnmọ́. Bó bá ń kọlù ú lẹ́yìn, ẹ sún un sẹ́yìn. Mítà 30 ni òfin àgbáyé fi sílẹ̀ báyìí fún gbígba ọ̀pá, láàárín ìlà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó parí rẹ̀ ni ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ọ̀pá ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Gbogbo èyí ni ọmọ JS3 tó wà ní ipò kejì fún Yẹ́lò Háòsì mọ̀. Ó lè kà á fún yín lójú oorun. Ohun tí tísà géèmù ò rò ni pé síníọ̀ tó wà ní ipò kẹta kì í wá sí ìdánrawò, ó ní lẹ́sìn WAEC. Ọmọ JS3 ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àyè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló ń wo ọwọ́ òsì lójú ẹlẹgbẹ́ ẹni?

Fèrè dún. Ẹni kìíní sá eré tó dáa, ó gbé ọ̀pá fún ọmọ wa, ó wọlé sọ́wọ́ òsì pẹ́kẹ́. Ọmọ náà fò! Ó kọjá Búlúù, ó kọjá Gíríìnì, àwọn ọmọ Yẹ́lò ti ń lu ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n yọ níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó tẹ àmì. Síníọ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Ó ku kí júníọ̀ pariwo "Gbà!", kí síníọ̀ na ọwọ́.

"Gbà" kẹ̀? Lébà pírífẹ́ẹ̀tì ni síníọ̀ yìí. "Gbà" ò ṣe é sọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo pápá gbọ́ ni, "Ẹ gbà, sà!"

Síníọ̀ na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Júníọ̀ mọ àtẹ́lẹwọ́ náà dáadáa, ó ti bà á létí rí. Ọwọ́ òsì ti gbéra tán pẹ̀lú ọ̀pá nígbà tí ohun tí ìyá ẹ̀ ti ń sọ fún un láti ọmọ ọdún méjì dìde lọ́kàn ẹ̀: òsì kọ́ lo fẹ́ fi fún àgbà yẹn? Ó gbé ọ̀pá bọ́ sí ọ̀tún. Ó tún tẹ̀ ba díẹ̀, lórí eré, kó lè pé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ falẹ̀, síníọ̀ ń lọ ní tiẹ̀, ọ̀pá gbá a nígùnpá, ó bọ́, ó ń yí lọ sí lénì Rẹ́ẹ̀dì. Síníọ̀ ṣì sá tó ìṣísẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo tó nà sẹ́yìn, bí ẹni tí ń dúró de ṣéńjì lọ́wọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ tó ti sá lọ.

Òfin sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ báyìí: ẹni tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó lọ mú un. Ó lè jáde nínú lénì rẹ̀ lọ mú un, bí kò bá ti dí ẹlòmíì lọ́nà tí kò sì gé eré kúrú. Ọ̀pá kan ò pa háòsì o. Ẹni tó bá mú ọ̀pá rẹ̀ kíá ṣì lè ṣe ipò kẹta. Júníọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni síníọ̀ fi ìbínú padà dé, òun náà bẹ̀rẹ̀. Júníọ̀ rí i pé àgbà ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ lójú òun. "Ẹ fi sílẹ̀ sà, ẹ jẹ́ n bá yín mú un!" Orí pàdé orí, kó! Júníọ̀ jókòó sílẹ̀. Síníọ̀ já ọ̀pá gbà, ó sá lọ, ẹ sì máa gbà pé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, torí Yẹ́lò ṣe ipò kejì.

Àsíá yẹ́lò ni àwọn tó ń ṣọ́ ìlà máa ń gbé sókè bí ẹnì kan bá rú òfin. Tísà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbé tiẹ̀ sókè gànmùgànmù. Àwọn ọmọ Yẹ́lò Háòsì rí àwọ̀ wọn lójú ọ̀run, wọ́n ní wọ́n ń yin àwọn ni. Wọ́n jó, wọ́n gbé síníọ̀ sí èjìká yí pápá ká. Ìgbà tí wọ́n ka èsì láti inú gbohùngbohùn, tí wọn ò gbọ́ orúkọ Yẹ́lò rárá, ni wọ́n rọra gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Kí ló dé tí o pààrọ̀ ọwọ́?"

"Ẹ má bínú sà. Mi ò lè fi ọwọ́ òsì fún yín ní nǹkan."

Kí ni síníọ̀ fẹ́ sọ sí ìyẹn? Lábẹ́ kánópì, ìyá ọmọ náà ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé ọmọ òun nìyẹn.

Ẹ má fi ọmọ JS3 ṣe yẹ̀yẹ́ jù ṣá. Ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, ó tún bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé wọn ò ní síníọ̀ kankan tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àwọn obìnrin Jamáíkà tó gba gbogbo àmì-ẹ̀yẹ mítà 100 ò lè gbé ọ̀pá fún ara wọn nínú eré àṣekágbá. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà di tiwọn mú, wọ́n ṣe ipò kẹta, ó sì di ipò kejì ní 2016 nígbà tí wọ́n gba ti Rọ́ṣíà padà nítorí oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀. Ní Òlíḿpíìkì Barcelona 1992, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, Oluyemi Kayode, Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 37.98, Cuba sá a ní 38.00. Ẹni tó bá dúró ronú bóyá òsì ni àbí ọ̀tún, ó ti ná ju ohun tó wà láàárín wọn lọ.

Ohun míì tó ń já ọ̀pá bọ́ nílé ìwé ò le. Ìpara gbígbóná tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ ni àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pa á sí, àtẹ́lẹwọ́ ló ń yọ̀. Kí ẹlòmíì bá wọn pa á, tàbí kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Gulúkóòsì tí wọ́n ń dà sẹ́nu ní gbígbẹ náà ń pọ́n ọ̀nà ọ̀fun, èyí tó bá kù lọ́wọ́ á pàdé òógùn, á di gọ́ọ̀mù. Omi díẹ̀ sàn jù. Àwọn kan tún máa ń di ọ̀pá mú láàárín méjì. Bí ẹni kìíní, ìkejì àti ìkẹta bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí àtàńpàkò lè wọ̀ ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún ẹni kẹrin.

Tísà géèmù lọ jókòó ti bébà. Ó rí i pé ipò kejì àti ipò kẹrin nìkan ni ọwọ́ òsì ń ṣiṣẹ́. Ẹni kìíní, ọ̀tún ló fi ń fúnni. Ẹni kẹta, ọ̀tún ló fi ń gbà, ọ̀tún ló fi ń fúnni. Ó wá kó júníọ̀ sí ipò kìíní àti ìkẹta, ó kó síníọ̀ sí ìkejì àti ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó máa bínú pé síníọ̀ fi ọwọ́ òsì fún júníọ̀ ní nǹkan. Ìgbátí gan-an, òsì ni wọ́n fi ń fún wọn nígbà míì. Àwọn ọmọ kékeré sì mọ kọ́nà í yí. Inú síníọ̀ náà dùn, torí iwájú kánópì ni ipò kẹrin máa ń parí sí, níbi táwọn ọmọbìnrin SS2 jókòó sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpè. "Gbà" jẹ́ àrífín. "Ẹ gbà, sà" ti gùn jù. "Hẹ́ì"? Ta lo ń pè ní hẹ́ì? Tísà ní kí wọ́n máa pe "Ọ̀pá!", pé orúkọ nǹkan lásán ni, kò ní ìwọ, kò ní ẹ̀yin. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú síníọ̀ gan-an ní ìdúró. Júníọ̀ sáré dé, ọwọ́ ọ̀tún jáde, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege, ó la ẹnu:

"Ọ̀pá, sà!"