Ìbọn lábẹ́ aṣọ: nílé Abuja ló ń pàṣẹ, níbí ìpínlẹ̀ ni

Àwọn èèyàn mi nílé máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni gbogbo èèyàn ń gbé ìbọn kiri l'Amẹ́ríkà, èmi náà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè. Texas tí mo wà yìí, láti September 1, 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 tí òfin ò sì kà á léèwọ̀ fún un láti ní ìbọn, ó lè ki ìbọn ìléwọ́ bọ abẹ́ aṣọ kó máa bá tiẹ̀ lọ, ò sẹ́ni tó máa bi í ní láìsẹ́ǹsì. Wọ́n ṣì ń ṣe láìsẹ́ǹsì náà ṣá o, àwọn tó ń rìnrìn àjò ló ń gbà á torí àwọn ìpínlẹ̀ kan á dá a mọ̀. Vermont ò tiẹ̀ béèrè láìsẹ́ǹsì rí láyé. Illinois ńkọ́? Wọn ò gbà rárá títí di 2013, ilé ẹjọ́ ló fipá mú wọn.

Mọ́mì mi wá wo ọmọ tuntun, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú àwọn bọ̀dá tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí wọn, ni ìdí ìbọn bá yọ níbàdí ẹ̀ lábẹ́ bùbá. Mọ́mì dì mí lọ́wọ́ mú, wọn ò gbọ́ ìwàásù kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé láti 2019 ni òfin Texas ti sọ ọ́ kedere pé èèyàn lè gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tí ṣọ́ọ̀ṣì náà bá ní òun ò fẹ́. Ẹni tí ò bá fẹ́ á gbé pátákó 30.06 kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn nọ́ńbà òfin tó ní kí ẹni tó ní láìsẹ́ǹsì pàápàá má gbé ìbọn abẹ́ aṣọ wọlé, lẹ́tà gbàǹgbà, Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì. Mọ́mì ní ta ni gómìnà tó fún wọn láṣẹ yẹn, ṣé Abuja tiwọn mọ̀?

Ìbéèrè yẹn dáa gan-an ni. Nílé, ìwé òfin 1999 ti kó ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta lé ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́. Òfin ìbọn tí à ń lò, 1959 ni, a ò tíì gbòmìnira nígbà yẹn. Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń gbé kiri ní Houston yìí, ààrẹ ló láṣẹ láti fún èèyàn níwèé ẹ̀. Ṣakabùlà pàápàá níwèé tirẹ̀, àmọ́ ọdẹ mélòó lẹ mọ̀ tó níwèé? Àwọn gómìnà mẹ́fà dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní January 2020, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ fi ní kò bófin mu, ìgbà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tirẹ̀ ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní June 2022 wọ́n wá pa èèyàn bí 40 ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ̀wọ̀, olóògbé Akeredolu ní òun fẹ́ ra ìbọn gidi fún àwọn ọmọ Amọ̀tẹ́kùn, Abuja ní rárá. Gómìnà lẹ ń pè lólórí ààbò ìpínlẹ̀ yẹn o!

Oṣù yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà fagi lé òfin New York kan tó ti wà látọdún 1913, tó ní àfi kí èèyàn ṣàlàyé ìdí pàtàkì tó fi fẹ́ gbé ìbọn jáde. New York ò janpata, wọ́n ṣòfin míì kíá, wọ́n to àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e dé, Times Square àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Nílé, ta ló máa dán irú ẹ̀ wò?

Níbí, ibi tó ti ń pa èèyàn lára ni bodè ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Lọ́dún 2013, obìnrin kan láti Philadelphia gbé ìbọn ẹ̀ wọ New Jersey, ó ní láìsẹ́ǹsì Pennsylvania, òun fúnra ẹ̀ ló tún sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, wọ́n tì í mọ́lé, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, ọdún 2015 ni gómìnà Christie tó foríjì í. Torí irú ẹ̀ ni ilé aṣojú ṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington fi dìbò ní 2017 pé kí láìsẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ilé ìgbìmọ̀ àgbà ò gbé e kọjá. Èmi ò fẹ́ ẹ o. Tí Washington bá lè fipá mú New York gba ìbọn ará Texas lónìí, ó lè fipá mú Texas ju tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, mo sì ti mọ bí Abuja ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má jẹ́ kí Texas tàn yín. Tó bá jẹ́ fíísà ọmọ ilé ìwé lẹ fi wà níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ nìbọn rárá, àfi ẹni tó bá gba láìsẹ́ǹsì ọdẹ tàbí irú àwọn ìyẹn díẹ̀. Green card ò níṣòro. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ní green card fẹ́ wakọ̀ láti Houston lọ Maryland, Maryland ò sì ka láìsẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kankan sí, mo ní bọ̀dá, ẹ fi nǹkan yẹn sílé. Wọ́n ṣì ń bá mi jiyàn.