Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ sì bá mi kí dókítà mi

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga o! Iṣẹ́ abẹ ti parí, ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn mi ti parí, ó wá ku kí n máa lọ fi ara hàn wọ́n lásìkò. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi àdúrà dúró tì mí, ẹ ò ní fi àìsàn ṣèfà jẹ.

Dókítà obìnrin tó ń ka àwòrán ọyàn ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní kò sí jẹjẹrẹ, kíá ni ijó ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Òun nìkan ni kò bá wa jó. Ó gbé èsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ó fi ìka tọ etí kókó ọyàn mi tó yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹ̀gún, ó ní, "Ẹ wò ó, mà, ohun tí mò ń rí yìí àti ohun tí wọ́n kọ síbí ò bára mu." Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni wọ́n ti lò, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi wá kókó ọ̀hún, láìlo sikáànì. Ó ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá dé nìkan ni èsì lè jẹ́rìí sí.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ pa ojú ibẹ̀ kú, ó wá lo abẹ́rẹ́ tó nípọn, tó ń gé ẹran ara jáde tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mò ń wo ojú sikáànì bó ṣe ń wọ àárín kókó náà gan-an. Ó ń dún pà! Ọkàn mi ń já.

Jẹjẹrẹ ni. Ara ẹran yẹn kan náà ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá họ́mọ́ọ̀nù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, àti bóyá HER2, èròjà kan tó máa ń mú jẹjẹrẹ dàgbà, pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n tó mọ oògùn tó bá tèmi mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mò ń fi ẹnu ara mi pe àìsàn, ṣé ẹ gbọ́ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ ní abẹ́rẹ́ á fọ́n jẹjẹrẹ ká, kò sí ẹ̀rí pé àyẹ̀wò yìí ń gé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kúrú. Ẹ yéé dẹ́rù ba èèyàn!

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹ má jáyà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé èsì abẹ́rẹ́ bá àwòrán mu? Ṣé ó bá ohun tí dókítà fọwọ́ bà mu? Bí ọ̀kan bá yapa, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, ì báà di pé wọ́n gé kókó náà jáde yẹ̀ wò.

Dókítà mi, ojú yín ò ní fọ́, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni.