Ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Nípa Ìtọ́jú Alábọ́ọ́dé

Lánàá, lẹ́yìn tí ìyá kan tó wá nítorí ikọ́ ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jókòó tì mí béèrè pé: "Dókítà, ikọ́ ni wọ́n bá wá; kí ló dé tí ẹ fi yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí ẹ sì tún béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi gidigidi. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn títí yóò fi ba ọkàn, kíndìnrín tàbí ọpọlọ jẹ́, àti pé dókítà tó ti ń tọ́jú ènìyàn láti ọdún pípẹ́, tó mọ ìdílé rẹ̀ àti ohun tó ń là kọjá, ló lè tètè fura pé nǹkan ti yí padà. Èyí ni iṣẹ́ àwa tó ń ṣe ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ìyẹn ìtọ́jú tí ènìyàn kọ́kọ́ ń rí gbà nítòsí ilé rẹ̀.

Ó sọ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kà sí iṣẹ́ tó níyì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí pé láti ọdún 1978 ni Ìkéde Alma-Ata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí níbi àpérò àgbáyé kan lórí ìlera, ti fi ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ṣe ọ̀nà tí ìlera yóò fi kárí gbogbo ènìyàn. Mo rọ̀ ọ́ pé kó wà pẹ̀lú wa díẹ̀ sí i kó tó yan ẹ̀ka tí yóò kọ́, ó sì gbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó tì wá kí ẹ tó pinnu.