Ẹkẹ tàbí èké

Ọjọ́ Ẹtì. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù.

Iná dé láago méje àárọ̀, ó lọ ní mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn mo sáré fi maṣínnì wíìfù parí etí búbá mẹ́rìnlá tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó fẹ́ wá gbà lọ́la. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo padà sórí Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ mi, mo fi íápíìsì sétí, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ìránṣọ ń lò, ojú náà sì ń ṣe tirẹ̀. Etí nìkan ni kò níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé àfetígbọ́ fi bá mi lára mu, èmi tí mi ò lè jókòó ka ìwé fún wákàtí kan kí oorun má gbé mi lọ.

Ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà ni mo ń gbọ́ láti bí ọdún méjì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé ìwàásù ni. Etí kan ṣoṣo ni mo máa ń fi íápíìsì sí, kí n lè gbọ́ oníbàárà tó bá wọlé, èkejì á máa rọ̀ sí mi láyà. Lónìí ó mú èkejì yẹn, ó fi sétí, ojú ẹ̀ là kedere. “Àǹtí, ọkùnrin yìí mà ń ṣépè o!” Mo gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Jon Moxley ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìwé rẹ̀ tó pè ní MOX, bí ọmọ Cincinnati tó jókòó síbi ọtí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe kà á. Kò ro ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Abẹ́òkúta mọ́ ọn.

Ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ìwé náà jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá AEW, iléeṣẹ́ ìjàkadì tó ń jà fún, kéde pé Moxley ti lọ gba ìtọ́jú nítorí ọtí. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bá a lọ ni. Ìgbà tí mo mọ̀, mo tún gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tó ti dárúkọ bíà, ọwọ́ mi ń dẹ̀ lórí aṣọ. Bóyá bí mo bá fojú kà á ni, ǹ bá ti fò ó kọjá.

Bàámi ló kó mi wọ inú nǹkan yìí. Ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń mu ẹkẹ lábúlé nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ á ṣe dìde, á gbọn iyanrìn nù, á sì bọ ẹni tó dá a lọ́wọ́. Nígbà tí fídíò dé àdúgbò wa, kásẹ́ẹ̀tì rẹ́sílìǹ la máa ń yá wò ní Sátidé. Undertaker ló ń bà wá lẹ́rù jù, wọ́n ní ẹ̀mí méje ló ní. Àbúrò Bàámi tó jẹ́ tíṣà kì í jókòó tì wá. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, á máa rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí kì í ṣe ẹkẹ o. Èké ni.” Bàámi á ní, “Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Òun náà ń pa irọ́ ni?” Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ja ìjà yìí, títí Bọ̀ọ̀dá Tíṣà fi jáde láyé.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn oníjàkadì ti wí i nínú ìwé wọn: ègé bíléèdì kékeré ni wọ́n ń tọ́jú sábẹ́ báńdéèjì ọrùn ọwọ́, bí wọ́n bá ti dojú bolẹ̀ tí òǹwòran ò rí wọn, wọ́n á fi ya iwájú orí ara wọn. Òógùn á bá a ṣàn, gbogbo ojú á pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ òótọ́ ni, ọgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣàdéhùn lé lórí. Mo máa ń ro ohun tí Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ìbá sọ sí ìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pe àṣírí tí wọ́n ń bò: kayfabe. Ẹni tó bá dàgbà nílé wa kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ púpọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀, mo mọ bàtà tó bọ́ sílẹ̀ lánàá, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo kí eégún ní Bàbá. Bóbìnrin mawo, kò gbọdọ̀ wí. Tiwọn wá le débi pé ẹni tó bá jẹ́ ọ̀tá rẹ nínú ríìngì, ẹ ò gbọdọ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ní 1987, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ kan dúró ní New Jersey, wọ́n bá oògùn olóró níbẹ̀. Kì í ṣe oògùn nìkan ló di wàhálà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ni Iron Sheik àti Hacksaw Jim Duggan, tí gbogbo ayé gbà pé wọn ò lè ríra sójú.

Èyí tó mú mi dá maṣínnì dúró lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ ni ti ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó já ní Wilmington, North Carolina, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1975. Gbajúgbajà oníjàkadì Ric Flair wà nínú rẹ̀, ẹni ọdún 26, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dá níbi mẹ́ta. Johnny Valentine rọ lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó tún wà níbẹ̀ ni Tim Woods, tí wọ́n ń pè ní Mr. Wrestling, ọmọlúàbí inú ríìngì tó jẹ́ pé Valentine gan-an ni ìkà tó ń bá jà. Kò yẹ kí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Ara ń ro Woods, ó sì fún àwọn ará ọsibítù ní orúkọ àbísọ rẹ̀, ó ní olùṣètò ìdíje lòun, òun kì í ṣe oníjàkadì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ti padà sínú ríìngì, kí àwọn èèyàn lè rí i pé Mr. Wrestling ò sí nínú ọkọ̀ kankan tó já. Irọ́ ló pa, ó sì fi egungun ìhà ara rẹ̀ tó fara pa dúró tì í. Mi ò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ èké.

(Ní oṣù kejì ọdún 1989, àwọn èèyàn Vince McMahon, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjàkadì tó di WWE lónìí, fúnra wọn lọ sọ ní ilé aṣòfin New Jersey pé eré ìdánilárayá lásán ni, kí ìjọba lè yọwọ́ ìwé àṣẹ àti owó orí kúrò lọ́rùn wọn. Owó ló kọ́kọ́ tú agọ̀ náà. Òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni.)

Nínú àwọn tó kọ̀wé, Mick Foley ni mo fi ṣe ọ̀gá. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òkìrìkà ìwé lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ti ra Have a Nice Day, èyí tó jáde ní 1999. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá akọ̀wé fún un, iṣẹ́ ẹni yẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá mú bírò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ìwé tó lé ní 700. Ìwé náà dé ipò kìíní lórí àtẹ New York Times. Ẹni tí etí rẹ̀ já sínú okùn ríìngì ní Munich nígbà tó ń bá Vader jà ní oṣù kẹta ọdún 1994 nìyẹn o. Òun náà ni Undertaker wa ẹlẹ́mìí méje jù sílẹ̀ láti orí àgò onírin ní Pittsburgh, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1998, gíga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Ó dìde, ó tún gùn ún padà. Òrùlé àgò náà já lábẹ́ rẹ̀, ó wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àga tẹ̀ lé e wálẹ̀, eyín rẹ̀ kán bọ́ sínú imú. Bàámi pariwo lọ́jọ́ tí a wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo rántí.

Ìwé lásán ni ti Foley tí mo ní, kò sí ohùn nínú rẹ̀, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ. Mo rò pé nítorí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ni. Bret Hart ti Calgary gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, bí ìjà bá parí, á sọ bí ọjọ́ ṣe lọ sínú rẹ̀. Inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti fa ìwé tó gbé jáde ní 2007 yọ. Ẹ fojú inú wò ó: ní Montreal, oṣù kọkànlá ọdún 1997, McMahon pàṣẹ kí wọ́n lu aago nígbà tí Bret ò tíì juwọ́ sílẹ̀, wọ́n gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, àbúrò rẹ̀ Owen já bọ́ láti òkè gbọ̀ngàn ní Kansas City níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ríìngì, ó sì kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun tó máa bá ẹ̀rọ sọ.

Ohun tí mi ò lè gbà ni kí akàwé olóhùn dídùn kan, tí ẹnikẹ́ni ò gbé ṣánlẹ̀ rí, máa sọ fún mi pé “ẹ̀yìn mi dá.” Ẹ̀yìn ta ló dá? Ó ń pe ọ̀rọ̀ dáadáa ju oníjàkadì lọ, ó ń mí níbi tó yẹ, kò ní ikọ́ nínú ohùn. Mo ti san owó ìwé kan rí nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀, mo débẹ̀, ohùn ẹlòmíì ni mo bá. Ó rán mi létí oníbàárà mi kan tó fẹ́ kí n rán ìró àti búbá láti ara àwòrán láìjẹ́ kí n fi téèpù wọn òun. Lọ́jọ́ tí ó wá gbà á, ó dára lára hángà.

Becky Lynch, ní tirẹ̀, ka The Man fúnra rẹ̀ ní 2024, pẹ̀lú ohùn Dublin tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ dẹ eré rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí n tó lè bá a lọ. Rebecca Quin ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó fara pa lórí ní Jámánì ní 2006, ó fi ìjàkadì sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, kí ó tó padà wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ẹ̀ṣẹ́ Nia Jax, oníjàkadì bíi tirẹ̀, fọ́ imú rẹ̀. Ó dúró láàárín èrò, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó na apá méjèèjì. Àwòrán yẹn ló sọ ọ́ di ńlá, kò sì sí àdéhùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2019, òun, Charlotte Flair àti Ronda Rousey ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ja ìjà àkágbá WrestleMania, ìdíje WWE tó tóbi jù lọ́dún. Charlotte náà, ọmọ Ric Flair ni, ọmọ ẹlẹ́yìn dídá yẹn.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́fà, mo ra ọ̀jọ̀jọ̀, mo gba ilé Bàámi lọ. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, tẹlifíṣọ̀n ti di rédíò fún wọn. Wọ́n bi mí pé kí ló wà létí mi. Mo yọ íápíìsì, mo jẹ́ kí fóònù sọ ọ́ síta, Becky ni, mo sì ń túmọ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Àbẹ̀kẹ́, àwọn wo ló jókòó tì í bó ṣe ń sọ ọ́?”

“Kò sí, Bàámi. Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n ti ń kà á, òun àti makirofóònù.”

“Kò séèyàn tó ń hó yèè fún un?”

“Kò sí, sà.”

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Èmi náà ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí, ariwo èrò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí èrò bá hó, wọ́n á fi kún un, bí èrò bá dákẹ́, wọ́n á yí i padà. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń pe orúkọ rẹ̀ wá jókòó síbi tí kò ti lè mọ̀ bóyá ohun tóun sọ wọlé tàbí kò wọlé. Mo mọ̀ pé ẹnu wọn mú, wọ́n ti fi makirofóònù tan èèyàn jẹ ju bí mo ṣe lè kà lọ, ṣùgbọ́n èrò wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Bàámi nu ọwọ́. “Ọmọ wa ńkọ́?” Ọba Fẹ́mi ni wọ́n ń bi mí léèrè. Ọmọ Èkó, tó ń ju irin rìbìtì ní Yunifásítì Alabama kí ó tó wọ WWE, tó gba bẹ́líìtì NXT, ẹ̀ka WWE fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ní oṣù kìíní ọdún 2025. Orúkọ yẹn dùn mọ́ wọn nínú ju ìjà rẹ̀ lọ, kí òyìnbó máa pariwo “Ọba” kiri. Mo ní mi ò tíì rí ìwé kankan tó kọ, ọ̀dọ́ ni, ó ṣì ń jà.

“Tó bá kọ ọ́, kó fi Yorùbá kà á,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ń túmọ̀ díẹ̀, o ń gbé díẹ̀ mì.”

Òótọ́ ni. Mo ti fo gbogbo ibi tó ti ṣépè.