Ẹ Dán an Wò Kó Tó Di Ọ̀ràn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé ní agbègbè Houston yìí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń pè mí pé kí ni kẹ́ ẹ rà sílẹ̀ kí ìgbà ìrúwé tó dé. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní oṣù Kejì ọdún 2021 fún yín ná.

Lálẹ́ tí òtútù yẹn dé, tí iná lọ, ńṣe ni èmi àti ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Àwa tí NEPA tọ́ dàgbà, ta ló fẹ́ fi òkùnkùn dẹ́rù bà wá? Jẹnẹrétọ̀ wà nínú gáréèjì. Ọkọ mi wọ́ ọ síta, ó fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ẹ̀rọ náà á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ti tàn án rí, lọ́jọ́ tí a rà á, ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú. Epo tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ inú kàbúrétọ̀ bí oje igi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, páìpù omi tó gba inú àjà kọjá ti bẹ́, àjà pálọ̀ sì já lulẹ̀ sórí àga.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni kò ní iná ní Texas lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Houston, òtútù náà lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 13 Fahrenheit, bẹ́ẹ̀ 32 ni omi ti ń dì. Nígbà tó di ọjọ́ 17, wọ́n kéde pé ká máa se omi ẹ̀rọ ká tó mu ún, ìkéde náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ọjọ́ 21. Kí la fẹ́ fi sè é? Iná mànàmáná ni sítóòfù wa ń jẹ. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, n kò rí ọjọ́ tí dúrọ́ọ̀mù omi ìyá mi gbẹ rí, àmọ́ mo dé Amẹ́ríkà tán, n kò ní kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní òdìkejì títì ló gbé omi wá fún wa. Òun náà ló tú kàbúrétọ̀ yẹn, tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún. Ó bi ọkọ mi pé, "Ìgbà wo lẹ tàn án kẹ́yìn?" Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Bàbá yẹn, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ló ń tan tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá rà tí n kò tíì lò, n kì í kà á mọ́ ohun tí mo ní.

Tẹ́ ẹ bá máa tan jẹnẹrétọ̀, ìta ni o, ó kéré tán ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, kí ihò èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Àwọn kan nínú àwọn tó kú lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe òtútù ló pa wọ́n. Wọ́n tan ẹ̀rọ sínú gáréèjì, tàbí wọ́n gbé èédú wọ yàrá, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn (carbon monoxide) sì mú wọn lọ lójú oorun. Ti omi, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́ ni ìṣirò rẹ̀. Ẹ ṣe é mọ́ iye èèyàn inú ilé, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àyè bá wà.

Ti oúnjẹ, mo ra ike ńlá oúnjẹ gbígbẹ kan tí wọ́n ní kò ní bàjẹ́ fún ọdún 25. Ó wà lórí pẹpẹ fún ọdún kan kí n tó ronú pé kí n ṣí i. Àbíkẹ́yìn mi tọ́ ọ wò, ó ní ó ń rùn bí páálí. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí à ń jẹ là ń tọ́jú báyìí: gaàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà olóyin, èlùbọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀wà sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí n tó dà á sínú ike tó dé pinpin. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde.

Ẹnì kan nínú yín ní òun fẹ́ máa rọ ọbẹ̀ ata sínú ìgò, kó dé e, kó sì gbé e sórí pẹpẹ bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe. Má ṣe é. Tàtàṣé àti ata rodo kò kan tó, epo tún wà nínú ọbẹ̀, inú irú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism, àìsàn inú oúnjẹ tó lè pani, ti ń ṣe oró rẹ̀. Omi híhó kò lè kọjá ìwọ̀n 212 Fahrenheit, 240 ló ń pa ẹyin kòkòrò yẹn, ìkòkò alágbára tó ń há ooru mọ́ inú (pressure canner) nìkan ló sì ń débẹ̀. Mo ní ìkòkò náà, mo ti lò ó fún ẹran àti ẹ̀wà. Ọbẹ̀ ata tèmi, fírísà ló ń lọ.

Ọgbà wá ni mo ti jìyà jù, ibẹ̀ náà ni mo ti gbádùn jù. Lọ́dún 2014, mo ń ti ilé bọ̀, mo di irúgbìn ewédú sínú ọ̀rá, mo rì í sáàárín gaàrí. Aṣọ́bodè tọ ọwọ́ bọ inú àpò, ó fà á yọ, ó da òun àti gaàrí nù, ó sì bu owó ìtanràn lé mi. Ẹjọ́ mi ni. Mo ti kọ "rárá" síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá mo gbé irúgbìn. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo rí irúgbìn kan náà ní ìsọ̀ àwọn ará Íjíbítì nítòsí ilé. Mulukhiyah ni wọ́n ń pè é. Ewédú ni, kò sí ìyàtọ̀, àfi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e, wọn kò mọ ìjábẹ̀. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá rí callaloo lára páálí irúgbìn àwọn ará Jàmáíkà, tẹ̀tẹ̀ ni. Roselle ni ìṣápá.

Mo gbin ewédú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, kò sí nǹkan kan lórí ebè. Mo pe ìyá mi. Wọ́n ní, "Ṣé o bu omi gbígbóná sí i?" Mo dákẹ́. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti ṣe é lójú mi, n kò fi ọwọ́ ara mi ṣe é rí. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Èèpo rẹ̀ le ni, omi gbígbóná ló ń là á. Ohun tí ìyá mi kò lè mọ̀ láti Ìsẹ́yìn ni pé ilẹ̀ náà gan-an ṣì tutù. Ewédú ń fẹ́ ilẹ̀ tó tó ìwọ̀n 70 Fahrenheit. Mo máa ń ki ìka bọ ilẹ̀ láàárọ̀. Tó bá ṣì tutù sí mi lọ́wọ́, mo padà sílé. Oṣù Kẹrin ló máa ń bọ́ sí.

Tòmátì kò lè dúró dìgbà yẹn ní tiẹ̀. Tí kò bá tíì wà lórí ebè kí oṣù Kẹta tó parí, ooru òru oṣù Kẹfà á bá a lórí òdòdó, á sì máa já wọn dànù.

Ata rodo ló gba sùúrù. Oṣù Kìíní ni mo ń gbìn ín sínú ife kéékèèké, mo ń gbé e sórí fíríìjì níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú. Irúgbìn tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́, mo ń dán an wò ná: mẹ́wàá sínú tíṣù tútù, tíṣù sínú ọ̀rá. Tó bá jẹ́ mẹ́ta ló hù, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ gbin púpọ̀ tàbí kí n ra òmíràn. Ọdún àkọ́kọ́, ogójì èéhù ni mo ní, wọ́n yọ ewé mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n ń dán. Oòrùn Sátidé kan yọ dáadáa, mo kó gbogbo wọn síta láàárọ̀, mo lọ ṣíṣẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí mo dé, ewé wọn ti funfun bí ìwé. Ṣé ẹ̀yin lè jókòó sínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì nínú yàrá? Wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lábẹ́ ibòji, kó máa gùn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Adìẹ ńkọ́? Nígbà tí ẹyin méjìlá di dọ́là 6.23 ní oṣù Kẹta ọdún 2025, gbogbo ènìyàn sáré lọ ra òròmọdìẹ. Adìẹ kì í yé ẹyin kó tó pé oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Owó oúnjẹ rẹ̀ lẹ máa máa san títí dìgbà yẹn. Ẹ béèrè òfin àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó kan ilé adìẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ dára fún ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó wà níbí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá da tútù rẹ̀ sí ebè, ẹ fún un ní oṣù mẹ́rin kẹ́ ẹ tó já ẹ̀fọ́ jẹ níbẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. A máa tan ẹ̀rọ láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ yà wá, èéhù ata rodo tó ṣẹ́kù lórí fíríìjì tó mọ́kàndínlógún. Ẹ mú ife tẹ́ ẹ máa gbìn wọ́n sí dání, kẹ́ ẹ sì ti lu ìdí rẹ̀ láti ilé.