"Ẹ kú àná" tí mo gbàgbé

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòjò ká mi mọ́ ọjà Bódìjà, irú òjò Ìbàdàn tó máa ń rọ̀ bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó, Micra tó bá dúró, owó ìlọ́po méjì ló ń pè, aago mẹ́fà ti kọjá, ọmọ mi ti dé láti lẹ́sìn ilé-ìwé, kọ́kọ́rọ́ ilé sì rèé nínú báàgì mi, fóònù mi ti kú látọ̀sán. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo máa fi délé, tí omi ń ro tótótó lára mi, ọmọ ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sùn lórí àga Màmá Ìbejì tá a jọ wà ní kọ̀rídọ̀ kan náà, wọ́n tiẹ̀ ti bá a fọ yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n tún wá bu àmàlà fún èmi náà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Wọ́n ní "kò tọ́pẹ́, ọmọ gbogbo wa ni."

Ilẹ̀ mọ́, mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo kàn ní "ẹ káàárọ̀ mà", mo ti bọ́ sí títì. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo wá rí i pé tí mo bá kí wọn, "pẹ̀lẹ́" lásán ni wọ́n ń dá mi lóhùn, wọn kì í wojú mi. Mo pe ìyá mi ní Òjé, mo rò fún wọn.

"Sé o ti lọ kí i?" (Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ẹ jẹ́ n gbádùn "sé" wọn.)

Mo ní mo ti dúpẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ìyẹn ọpẹ́ alẹ́. Tàárọ̀ ńkọ́?"

Ó dùn mí torí òótọ́ ni. "Kò tọ́pẹ́" yẹn, ẹ má gbà á gbọ́ o, ó tọ́pẹ́ dáadáa, ẹni tó ṣoore ni ò lè ní kẹ́ ẹ wá dúpẹ́. Ọpẹ́ alẹ́, àmàlà ṣì ń móoru lọ́wọ́ ẹni, ta ni ò ní dúpẹ́? Ṣùgbọ́n "ẹ kú àná" ló ń fi hàn pé ẹ sun oorun, ẹ jí, oore yẹn ṣì wà lórí ẹ̀mí yín. Bá a bá jẹun níbi ìnáwó ní Sátidé, ṣé a ò ní kí olóde lọ́jọ́ kejì ni? Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù, kí ló kan olè níbẹ̀? Àmọ́ omi obìnrin yìí lọ, ọṣẹ rẹ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ odindi lọ.

Láàárọ̀ Sátidé mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn. "Mà, ẹ kú oore ọjọ́ òjò yẹn o, ẹ má bínú pé ó pẹ́."

Wọ́n wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kò tọ́pẹ́ jàre. Abọ́ tí mo fi gbé àmàlà fún ẹ ńkọ́?"

Yéè! Abọ́ ọ̀hún ṣì wà nínú síńkì mi, mi ò tíì fọ̀ ọ́.