Magasíìnì fọ́tò mi ti kó lọ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò yíyà bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka magasíìnì fọ́tò, bébà ni gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn bébà tó máa ń dán yẹn, ṣùgbọ́n ní báyìí orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn débi pé mi ò lè padà pátápátá mọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó fúyẹ́, pé kì í gba àyè nínú ilé, pé èèyàn lè kó ọ̀pọ̀ ẹ̀dà sínú báàgì kan ṣoṣo. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, mi ò jiyàn, àmọ́ tèmi kọjá ibẹ̀. Tèmi ni pé mo lè wọnú fọ́tò lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ká ní fọ́tò màmá àgbà kan ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí ojú màmá yẹn gba gbogbo ojú ìwé. Lórí bébà, ẹ máa wò ó, ẹ máa ní "háà, èyí mà dáa o", ẹ ó sì ṣí i kọjá. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ìka méjì lé ojú màmá, ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ tún fẹ̀ ẹ́ sí i, títí ẹyinjú kan ṣoṣo á fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ẹ wá wo ibi dúdú inú ẹyinjú yẹn dáadáa, ẹ máa rí nǹkan funfun kan tó ń dán níbẹ̀. Iná tí wọ́n fi ya fọ́tò yẹn gan-an lẹ̀ ń wò yẹn o! Bó bá ní igun mẹ́rin tí igi fèrèsé sì dá a sí méjì, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni màmá jókòó sí. Bó bá rí roboto tẹ́ ẹ sì rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pàdé láàárín, agboòrùn tí wọ́n fi ń mú kí iná rọ̀ ni onífọ́tò lò. Bó bá ṣe òrùka yí ibi dúdú ojú ká, ring light ni, iná tí wọ́n ṣe roboto bí òrùka, kò sí àní-àní. Bó bá wá kéré bí orí abẹ́rẹ́ tó sì mọ́lẹ̀ gan-an, oòrùn ni tàbí fíláàṣì tí wọn ò fi nǹkan kan bò. Ẹ tún wo ibi tó wà: bó bá wà lókè lápá ọ̀tún ẹyinjú, apá ibẹ̀ náà ni iná ti wá.

Àwọn magasíìnì kì í sábà kọ ìyẹn síbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ ni lẹ́ńsì tí onífọ́tò lò, f/2.8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), 1/250 (bí kámẹ́rà ṣe yára tó), ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba iná sí), ó parí. Àwọn nọ́ńbà yẹn dáa, àmọ́ èèyàn lè lo nọ́ńbà kan náà lábẹ́ iná tí ò dáa kí fọ́tò ẹ̀ bàjẹ́ kanlẹ̀. Ibi tí iná wà gan-an niṣẹ́ wà, inú ẹyinjú ló sì fara pa mọ́ sí. Ẹyinjú yẹn nìkan ni mo máa ń gé, màá ṣe screenshot ẹ̀, màá kó o sí fódà, fèrèsé lọ́tọ̀, agboòrùn lọ́tọ̀, oòrùn lọ́tọ̀, tí mo bá wá fẹ́ ya ẹnì kan, fódà yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní iná tó èyí.

Ẹnì kan lè ní ṣebí èèyàn lè gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lé bébà náà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni àmì tóótòòtó, íńkì aláwọ̀ mẹ́rin: búlúù tó mọ́, pupa tó fẹ́ jọ àlùkò, yẹ́lò àti dúdú. Bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò sórí bébà nìyẹn, àwọn àmì yẹn ni wọ́n tò pọ̀ tí ojú wa wá ń kà á sí àwọ̀ ara èèyàn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni fọ́tò fúnra ẹ̀ á máa pòórá mọ́ yín lójú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo magasíìnì orí ẹ̀rọ ló gbà kéèyàn wọnú ẹ̀ o. Àwọn kan máa ń fún fáìlì pọ̀ jù kó lè tètè wọlé, bẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ó ti di búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù, ẹyinjú ò ní ṣeé dá mọ̀ lára ìpéǹpéjú mọ́. Ìyẹn máa ń bí mi nínú gan-an, torí magasíìnì fọ́tò nìyẹn, fọ́tò la torí ẹ̀ sanwó! Kẹ́ ẹ tó san owó ọdún kan, ẹ ra ẹ̀dà kan ṣoṣo ná, ẹ lọ síbi tí fọ́tò ojú èèyàn wà, ẹ fẹ̀ ẹ́. Bí ò bá ṣeé fẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú tiwọn lọ.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Mo fara mọ́ ojú ẹ̀rọ níbẹ̀ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò ayé ìsinsìnyí, orí kọ̀ǹpútà ni onífọ́tò ti tún un ṣe, ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni ojú ẹ̀rọ ẹ̀ fi gbé e jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì wa náà sì ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Àwọn búlúù kan wà àti àwọ̀ ewé kan tó mọ́ yòò tí íńkì mẹ́rin yẹn ò lè gbé dé ibẹ̀ láéláé, ṣe ni wọ́n máa ń rọlẹ̀ lórí bébà. Nǹkan kan wà ṣá tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: Night Shift àti True Tone tó wà lórí iPad, àti gbogbo ohun tí wọ́n bá ní ó ń tu ojú lára lórí tiyín. Wọ́n máa ń yí ojú ẹ̀rọ padà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ nínú wọn á sọ ọ́ di yẹ́lò-yẹ́lò, yìnyín á wá dà bíi pé ó ti dọ̀tí, ẹ ó sì máa rò pé bí onífọ́tò ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ lásán lóru, ẹ tàn án padà, kò sí wàhálà.

Ibi tí bébà ti ju ojú ẹ̀rọ lọ fíìfíì ni fọ́tò tó gba ojú ìwé méjì. Mi ò ní purọ́. Tí magasíìnì bá jẹ́ A4, tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42, ó ga tó 29.7. Tábúlẹ́ẹ̀tì oní-íǹṣì 11, láti igun kan sí ìkejì kò ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, tẹ́ ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ kí fọ́tò yẹn lè wọ̀ ọ́, ó máa kéré sí nǹkan bí ìdajì. Fọ́tò òkè ńlá tí ẹnì kan ṣoṣo ń rìn lábẹ́ ẹ̀, títóbi yẹn ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ó yẹ kó bo ojú yín ni, kẹ́ ẹ máa wá ẹni yẹn kiri. Lóòótọ́ àárín ìwé máa ń gbé díẹ̀ mì níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀, síbẹ̀síbẹ̀ mo ṣì gbà á fún bébà. Nínú oòrùn náà, bébà ló ni ín, ojú tara ẹni nìkan lèèyàn máa ń rí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì níta gbangba.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni ti ta ló ni ín. Magasíìnì Popular Photography bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937, wọ́n dá títẹ̀ ẹ́ dúró ní 2017, ẹni tó bá ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ lórí bébà ṣì lè ṣí i kà lónìí yìí, kò ní tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti inú áàpù ò rí bẹ́ẹ̀. Microsoft ti ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ tiwọn pa ní 2019, àwọn ìwé tí àwọn èèyàn ti fowó wọn rà kò sì ṣeé ṣí mọ́, owó ni wọ́n dá padà fún wọn. Owó nìkan o! Èèyàn tó ti ń kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, kí lowó fẹ́ ṣe fún un?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń wá àwọn tó ń ta PDF tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí mo lè gbà sílẹ̀ kí n sì tún dà á kọ sínú háàdì dísìkì. Èyí tí mo kàn fẹ́ wò fìrí, mo máa ń yá a lórí Libby, áàpù tí àwọn láíbìrì fi ń yáni ní ìwé, tí láíbìrì yín bá wà lórí ẹ̀ ẹ ò ní san kọ́bọ̀, èèyàn kì í sì í tò sílà fún magasíìnì níbẹ̀ bíi ti ìwé. Tí ẹ̀dà kan bá wá ní àwọn fọ́tò ńláńlá yẹn nínú, àwọn olójú ìwé méjì, màá ra bébà ẹ̀ náà lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ magasíìnì fọ́tò míì tí fáìlì ẹ̀ ṣeé fẹ̀ dénú ẹyinjú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi, mò ń wá a lójú méjèèjì.